Ta Ló Ń Lò Ó? Bí Àwọn Tó Ń Tukọ̀ Ṣeré Ṣe Gba Odò Chicago Padà

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà fi ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ bá odò tó bí i ṣọ̀tá. Lónìí, bí ojú ọjọ́ bá ti móoru, odò yìí kan náà máa ń kún fún àwọn tó jókòó sínú káyáàkì, ìyẹn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnì kan tàbí ẹni méjì ń fi àjẹ̀ tù, tí wọ́n ń gbafẹ́ láàárín àwọn ilé gogoro. Àwọn kan nínú wọn mú àpò dání, wọ́n ń ṣa ike omi àti ọ̀rá tó léfòó, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Bí wọ́n ṣe sábà ń sọ ìtàn wọn ni pé ìjọba ló kọ́kọ́ fọ odò náà mọ́, kí àwọn agbafẹ́ tó wá gbádùn rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìtàn yẹn dorí kodò. Àwọn tó ń tukọ̀ lórí odò náà nígbà tó ṣì ń rùn ni wọ́n sọ ọ́ di dandan fún ìjọba láti tọ́jú rẹ̀. Ìdí ni pé bí odò ṣe dọ̀tí tó nìkan kọ́ ni òfin Amẹ́ríkà ń wò. Ó tún ń béèrè ẹni tó ń lò ó àti ohun tó ń lò ó fún.

Ọkọ̀ ló dá Chicago sílẹ̀. Kí òyìnbó tó dé, àwọn Potawatomi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń fi èèpo igi birch kan ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ tó fúyẹ́ débi pé ènìyàn lè gbé e rù. Ìfúyẹ́ yìí wúlò níbẹ̀ ju ibi púpọ̀ lọ, nítorí ilẹ̀ àbàtà tóóró kan ló wà láàárín odò Chicago, tó ń ṣàn wọ adágún Michigan nígbà náà, àti odò Des Plaines, tí omi rẹ̀ ń lọ bá Mississippi. Ẹni tó bá ru ọkọ̀ rẹ̀ kọjá àbàtà náà lè ti adágún ńlá ìhà àríwá tukọ̀ dé òkun ìhà gúúsù. Louis Jolliet àti Jacques Marquette gba ibẹ̀ ní 1673. Ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ tó tẹ̀dó sẹ́nu odò náà tó sì pẹ́ níbẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú, Jean Baptiste Point du Sable, oníṣòwò tó wà níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1780, tó sì ta dúkìá rẹ̀ ní 1800. Nígbà tí wọ́n ṣí odò àfọwọ́gbẹ́ Illinois and Michigan ní 1848, ọ̀nà tí àwọn aru-ọkọ̀ ti ń tọ̀ látayébáyé ni wọ́n sọ di ọ̀nà ọkọ̀ ẹrù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní eré àjèjì ni káyáàkì jẹ́ lórí omi yìí kò mọ ìtàn. Ọkọ̀ kékeré ló kọ́kọ́ ni ibẹ̀.

Bí ìlú ṣe gbilẹ̀ ni odò náà ṣe bàjẹ́. Ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ kò ju bí 4,000 lọ ní 1837 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 1.7 ní 1900. Láti àwọn ọdún 1850 ni ẹnjiníà Ellis Chesbrough ti la gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ tó ń kó ẹ̀gbin ilé ìyàgbẹ́ dà sínú odò. Odò ń kó o lọ sínú adágún, láti inú adágún kan náà ni ìlú sì ti ń pọn omi mu. Ní 1867, wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ adágún lọ sí nǹkan bíi máìlì 2 kí wọ́n lè rí omi tó mọ́ fà, ṣùgbọ́n òjò ńlá a máa gbé ẹ̀gbin tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Ní 1865 ni wọ́n ṣí odò ẹran tí wọ́n ń pè ní Union Stock Yards, tí ẹ̀jẹ̀ àti ìfun màlúù rẹ̀ ń ṣàn wọ ẹ̀ka odò kan ní ìhà gúúsù. Ẹ̀gbin tó ń jẹrà nísàlẹ̀ omi náà ń tú afẹ́fẹ́ sókè débi pé ojú omi ń hó bí ìkòkò orí iná, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bubbly Creek. Upton Sinclair fi í hàn gbogbo ayé nínú ìwé rẹ̀, The Jungle, ní 1906. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní 1900 ni ìlú ti ṣe ohun tó ya gbogbo ayé lẹ́nu: ó ṣí odò máìlì 28 tó ti fi ọwọ́ gbẹ́, ó sì yí odò Chicago padà kí ó máa ṣàn kúrò nínú adágún. Ẹ̀gbin Chicago wá di ti àwọn ìlú ìsàlẹ̀ omi. Ìpínlẹ̀ Missouri gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì pàdánù ní 1906, nítorí ilé ẹjọ́ ní ẹ̀rí tó mú wá pé kòkòrò àrùn Chicago ló ń pa àwọn èèyàn rẹ̀ kò tó. Kí òǹkàwé di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí yìí mú, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dá lé.

Yíyí tí wọ́n yí odò padà gba ẹ̀mí là, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ìyẹn. Ohun tó tún ṣe ni pé ó sọ odò di gọ́tà lábẹ́ òfin. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Omi Mímọ́ ní 1972, àfojúsùn rẹ̀ ni kí ènìyàn lè pẹja kí ó sì lè wẹ̀ nínú gbogbo odò ilẹ̀ náà. Òfin náà ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí à ń lo odò kọ̀ọ̀kan fún, kí ó sì fi ìyẹn díwọ̀n bí omi rẹ̀ yóò ṣe mọ́ tó. Ìpínlẹ̀ Illinois fi odò Chicago sí ìpele àwọn omi tí wọn kò retí kí ara ènìyàn kàn dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní, àwọn ọkọ̀ ẹrù ló ń gbà á kọjá. Àyọrísí rẹ̀ ni pé láàárín àwọn ọdún 1980, àjọ tó ń tọ́jú omi ẹ̀gbin ìlú náà dáwọ́ oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn dúró. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún omi odò náà ló ń ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ẹ̀gbin jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lè yéni bí kì í bá ṣe nípa òfin: odò dọ̀tí nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lò ó, ẹnikẹ́ni kò sì lò ó nítorí pé ó dọ̀tí. Owó nìkan kò lè já irú àkámọ́ bẹ́ẹ̀. Ó nílò ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọ inú omi ẹlẹ́gbin náà.

Àwọn tó wọ̀ ọ́ kò pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kan ní Chicago, Ralph Frese, tó tún ń kan ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, dá ìdíje ìtukọ̀ sílẹ̀ lórí odò Des Plaines ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ń yẹra fún àwọn odò agbègbè náà. Ní 1979, Robert Cassidy kọ àròkọ kan nínú ìwé ìròyìn Chicago pé odò ìlú kò lọ́rẹ̀ẹ́, láti inú rẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Friends of the Chicago River ti jáde. Iṣẹ́ wọn rọrùn lójú: wọ́n ń mú èèyàn rìn létí omi, wọ́n ń gbé wọn sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń pe àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn wá kó pàǹtírí. Láti 1992 ni wọ́n ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìmọ́tótó yìí. Nígbà tó yá, àwọn tó ń yá èèyàn ní káyáàkì wá ṣí ìsọ̀ sétí odò. Nígbà tí ìpínlẹ̀ wá tún ìlò odò náà yẹ̀ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, kò ṣeé ṣe mọ́ láti sọ pé ọkọ̀ ẹrù nìkan ló wà níbẹ̀. Ní 2007, ìpínlẹ̀ gbé àbá òfin tuntun lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìbàyíkájẹ́, àwọn ẹgbẹ́ tó ń kó pàǹtírí yìí kan náà sì lọ jẹ́rìí níwájú rẹ̀. Ní 2011, àjọ ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí omi náà mọ́ tó fún ìlò ènìyàn ní ọ̀pọ̀ apá odò náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, àjọ omi ẹ̀gbin dìbò láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa kòkòrò àrùn. Ẹ̀rí tí Missouri kò rí ní 1906, àwọn tó ń ṣeré lórí omi ló fi ara wọn ṣe é.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Chicago yóò takò mí níbí pé iṣẹ́ ẹnjiníà ló tún odò náà ṣe, kì í ṣe àjẹ̀. Òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1975 ni àjọ omi ẹ̀gbin bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò ńláńlá sábẹ́ ilẹ̀ tó máa ń gba òjò àti ẹ̀gbin kí ó má bàa kún bo odò. Ihò náà gùn tó máìlì 109, ó sì ti ná wọn ní bílíọ̀nù dọ́là mélòó kan. Nǹkan bí irú ẹja 10 ni wọ́n mọ̀ nínú omi náà ní 1974. Wọ́n ti ju 70 lọ báyìí. Kò sí àpò pàǹtírí tó lè ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ihò abẹ́ ilẹ̀ kò pa kòkòrò àrùn inú omi tí wọ́n ti sẹ́, ọ̀rọ̀ ìlò ló sì pinnu ibi tí wọn yóò ti pa á. Ibi tí ẹ̀rí ti dájú jù ni Stickney, ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ ìsẹ́mi ẹ̀gbin tó tóbi jù lọ ní ayé. Àṣẹ 2011 kan ilé iṣẹ́ Calumet ní gúúsù àti O'Brien ní àríwá, tí omi wọn ń wọ ibi tí èèyàn ti ń tukọ̀. Kò kan Stickney, nítorí inú odò àfọwọ́gbẹ́ tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà ni omi rẹ̀ ń dà sí. Ìlú kan náà ni, àjọ kan náà ni, àwọn ẹnjiníà kan náà sì ni. Ohun tó yàtọ̀ ni bóyá ènìyàn wà lórí omi.

Àtakò kejì ni pé ṣíṣa ike jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán: kòkòrò àrùn kò ṣeé fojú rí, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike kò sì dáwọ́ dúró. Ìwádìí Yunifásítì Illinois ní Chicago fún àtakò yìí lágbára díẹ̀. Láàárín 2007 sí 2009, wọ́n tẹ̀ lé àwọn èèyàn tó ju 11,000 lọ, wọ́n sì rí i pé àìsàn inú kò ṣe àwọn tó ń tukọ̀ lórí odò Chicago ju àwọn tó ń tù ú lórí omi mìíràn lọ, ṣùgbọ́n ó ṣe àwọn méjèèjì ju àwọn tó ṣeré lórí ilẹ̀ lọ. A jẹ́ pé eré náà ní ewu tirẹ̀, àpò pàǹtírí kò sì mú ewu náà kúrò. Ohun tí àwọn alátakò kò rò ni pé kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọn yóò kà gbọ́dọ̀ ti wà lórí omi. Àwọn tó ń ṣa ike ló ń pe èèyàn wọ omi. Títí di òní, ẹgbẹ́ Urban Rivers ń kó àwọn olùyọ̀ǹda jáde nínú káyáàkì láti ṣa pàǹtírí yí ọgbà tó léfòó tí wọ́n ṣe sórí odò náà ká. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀rá jáde kúrò nínú omi kì í dákẹ́ nígbà tí ìjọba bá fẹ́ sọ omi náà di gọ́tà padà.

Ó ku àtakò kẹta, tó le jù fún mi: pé eré olówó ni káyáàkì, àti pé bí odò bá ti mọ́, owó ilé á gun òkè, a ó sì lé tálákà kúrò létí omi. Ewu yìí wà lóòótọ́, kò sì yẹ kí á fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹ wo ìhà gúúsù. Ní 1979 kan náà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ odò sílẹ̀, Hazel Johnson, obìnrin dúdú kan ní ilé ìjọba Altgeld Gardens, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti gbógun ti ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ tó yí wọn ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Little Calumet. Lónìí, ọ̀nà ìtukọ̀ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtàn àwọn ènìyàn dúdú wà lórí odò yẹn, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ Altgeld Gardens kọjá àti ibi tí oko àgbẹ̀ kan, Jan Ton, wà, níbi tí àwọn ẹrú tó sá ti máa ń rí ààbò. Calumet ni wọ́n sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa kòkòrò àrùn inú omi rẹ̀, ní 2015, kó tó kan O'Brien ní 2016. Àní ní Bubbly Creek tí odò ẹran bà jẹ́, ìlú kọ́ ilé ọkọ̀ síbẹ̀ ní 2016, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kọ́ ìtukọ̀ níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí á bá jà ni owó ilé tó ń gun òkè. Kò sí èrè kankan tí tálákà ń jẹ nínú kí odò rẹ̀ máa rùn.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, àwọn èèyàn lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Chicago nínú ètò gbangba fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àwọn ọdún 1920. Iṣẹ́ kò tíì parí: bí òjò bá pọ̀ lápọ̀jù, ẹ̀gbin ṣì ń dà sínú odò. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti hàn, ó sì kan gbogbo ìlú tó ní odò tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀. Ìjọba kì í náwó sórí omi tí kò lólùlò, òfin kì í sì í gbèjà ohun tí kò sẹ́ni tó jẹ́rìí sí. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi Chicago ṣe ilé, ẹ má fi odò náà sílẹ̀ fún àlejò àti àwọn tó ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ẹ wọ ọkọ̀, ẹ mú àpò dání, kí ẹ sì lọ sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe òfin rẹ̀.