Ta Ni Ó Mú Ìgbálẹ̀ Náà Lọ́wọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ ya fọ́tò, aṣọ tí ó dára jù ni yóò wọ̀, a ó sì ti gbé ìgbálẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, nígbà tí mo wo ìtàn iṣẹ́ fọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, mo rí i pé ìgbálẹ̀ wà lára ohun tí kámẹ́rà kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ.

Ọdún 1839 ni a kéde fún aráyé pé ènìyàn lè fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ọgbọ́n náà sílẹ̀ ni William Henry Fox Talbot, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1844, ó gbé kámẹ́rà sí iwájú ẹnu ọ̀nà kan ní Lacock Abbey, ilé rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ìgbálẹ̀ onígi gígùn kan fara ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, fìtílà àti ìjánu ẹṣin sì wà lára ògiri. Nínú ìwé rẹ̀, The Pencil of Nature, ó ṣàlàyé pé àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Họ́láńdì ti fi ohun ojoojúmọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà ṣáájú òun. Ìgbálẹ̀ sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, nítorí kámẹ́rà ìgbà náà kì í yára. Ohun tí kò bá dúró jẹ́ẹ́ yóò di òjìji. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ìgbálẹ̀ náà gbálẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, a bí ọmọ-ọ̀dọ̀ kan ní 1833, Hannah Cullwick. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fọ ilẹ̀, kí ó máa nu bàtà, kí ó máa kó eérú. Arthur Munby, ọlọ́lá tí ó gbé e níyàwó ní bòńkẹ́lẹ́ ní 1873, mú kí a ya fọ́tò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nínú aṣọ iṣẹ́ àti ìdọ̀tí. Níbí, a rí ojú òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú Munby ni àwọn àwòrán náà wà fún. Nígbà tí ó kú ní 1910, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún Trinity College ní Cambridge, ó ní kí a má ṣí àpótí náà títí di 1950.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní 1942, Gordon Parks, aláwọ̀ dúdú, ẹni ọdún 29, dé Washington láti ya fọ́tò fún iléeṣẹ́ ìjọba kan tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn àgbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn, wọn kò gbà á láàyè ní ilé sinimá àti ilé oúnjẹ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó padà tìbínú-tìbínú. Ọ̀gá rẹ̀, Roy Stryker, ní kí ó lọ bá obìnrin tí ń nu ilẹ̀ iléeṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Ella Watson ni orúkọ rẹ̀. 1,080 dọ́là ni owó rẹ̀ lọ́dún, àwọn ọmọ-ọmọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Parks mú un dúró níwájú àsíá Amẹ́ríkà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mọ́ọ̀pù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. American Gothic ni a ń pe fọ́tò náà, orúkọ àwòrán tí Grant Wood kùn ní 1930. Ẹ̀rù ba Stryker pé wọ́n lè tìtorí rẹ̀ lé gbogbo àwọn lẹ́nu iṣẹ́. Parks kò dúró síbẹ̀: ó bá ìyá náà délé, ó bá a dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Láti 1844 dé 1942 jẹ́ ọdún 98. Ìgbálẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìbéèrè ayàwòrán ni ó yí. Talbot wo bí ìmọ́lẹ̀ ti ṣe bọ́ sára igi. Munby wá ohun tí ó wu ojú tirẹ̀. Parks béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mú ìgbálẹ̀ pé: báwo ni ẹ ṣe ń gbé?

Mo ní kí àwa ọmọ yunifásítì fi èyí kọ́gbọ́n. Nínú fọ́tò ìgboyèjáde wa, ẹ̀wù ń dán, ilẹ̀ tí a dúró lé náà ń dán, a kì í sì í rí ẹni tí ó mú un dán. Bí mọ́ọ̀pù àti korobá lẹ́bàá ògiri bá wu akẹ́kọ̀ọ́ kan láti fi fóònù yà, kí ó kọ́kọ́ wá oní-nǹkan kàn, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ó wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Kí ni orúkọ yín? Ṣé ẹ gbà kí n yà yín?”