System interrupts

Nínú Task Manager ti Windows, System interrupts kì í ṣe ètò tí a lè pa. Interrupt ni ìpè tí kíbọ́ọ̀dù tàbí dísìkì fi ń dá processor dúró lẹ́nu iṣẹ́ pé kó kọ́kọ́ dá òun lóhùn. Bí iye System interrupts bá ga tí kò sọ̀kalẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ohun èlò kan máa pè láìsinmi.

Lórí Windows XP, bí wáyà dísìkì bá ti gbó, tí àṣìṣe sì ju 6 lọ, Windows á máa rẹ ìyára sílẹ̀ láti DMA, níbi tí dátà ti ń kọjá láìjẹ́ pé processor ló ń rù ú, títí dé PIO. Ní PIO, processor fúnra rẹ̀ ni yóò wá máa ru dátà, iye System interrupts á sì ga. Ẹ pààrọ̀ wáyà, ẹ yọ IDE channel tí dísìkì náà wà lórí rẹ̀ nínú Device Manager, kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn.