Ẹjọ́ Ipò Gómìnà Èkìtì, 2007–2010: Ọ̀rọ̀ Àkókò Nínú Ìdájọ́

Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹjọ́ tí ó lókìkí ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹjọ́ Eléko pẹ̀lú ìjọba amúnisìn àti ẹjọ́ ìdìtẹ̀ síjọba tí wọ́n fi kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1962 sí 1963 ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn. Èyí tí bébà yìí dá lé lórí kò tíì pẹ́ tó wọn, kì í sì í ṣe Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìhà àríwá Èkìtì ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Àwọn méjì tí ó forí gbárí nínú rẹ̀, ọmọ àdúgbò kan náà ni wọ́n. Ṣẹ́gun Òní ti ẹgbẹ́ PDP jẹ́ ọmọ Ìfàkì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì. Káyọ̀dé Fáyẹmí ti ẹgbẹ́ Action Congress jẹ́ ọmọ Ìsàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́, tí ó bá Ìdó-Òsì pààlà.

Ìbéèrè tí tẹrú-tọmọ ń bèèrè nígbà náà ni pé ta ni ó wọlé. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀ díẹ̀: ní gbogbo ìgbà tí ẹjọ́ náà fi ń lọ, ta ni ó jókòó sórí àga? Èrò wa ni pé ìdájọ́ kan wà tí adájọ́ kankan kò kọ, tí àkókò fúnra rẹ̀ ń dá fún ẹni tí ó bá ti dé orí àga ṣáájú. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn sí 1983.

Àpẹẹrẹ 1983

Láti 1976 títí di 1996, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Èkìtì wà. Wọ́n dìbò gómìnà níbẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ 1983. Àjọ FEDECO kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ti ẹgbẹ́ NPN, ọmọ Ìjerò-Èkìtì tí ó ti jẹ́ igbákejì gómìnà rí, ni ó borí Adékúnlé Ajásin ti ẹgbẹ́ UPN. Ìlú gbaná. Wọ́n sun ilé, wọ́n sì pa ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pa ni Ọláìyá Fágbàmígbé ti Àkúrẹ́, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń ka ìwé tí ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ gbé jáde.

Ajásin gba ilé-ẹjọ́ lọ. Kí ó tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá tí wọ́n fẹ́ ṣe ìbúra, àwọn adájọ́ ti dá ipò rẹ̀ padà fún un. Láti ọjọ́ ìdìbò títí di ọjọ́ ìbúra kò ju ọ̀sẹ̀ méje lọ. Ọmọ́bóríowó kò jókòó sórí àga náà fún ọjọ́ kan.

Nígbà náà, Òfin Ìdìbò 1982 ti fi gbèdéke sí iye ọjọ́ tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lè gbà. Ṣùgbọ́n ní 1983 kan náà, nínú ẹjọ́ Paul Unongo àti Aper Aku láti Ìpínlẹ̀ Benue, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé gbèdéke yìí. Àlàyé wọn ni pé ilé aṣòfin kò gbọdọ̀ so adájọ́ lọ́wọ́, àti pé ẹni tí ó mú ẹjọ́ wá ní ẹ̀tọ́ pé kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán. Ìlànà tí ó dára ni, a kò bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ náà ni ẹjọ́ Èkìtì gbà wọlé ní ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà.

Ọjọ́ mẹ́wàá ní 2009

Ìdìbò wáyé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2007. Àjọ INEC kéde Òní, wọ́n sì búra fún un ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ètò ìdìbò da ẹjọ́ Fáyẹmí nù ní 2008. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù kejì 2009, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlọrin yí èyí padà: wọ́n ní kí a tún ìbò dì ní wọ́ọ̀dù 63 nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá. Ìdó-Òsì àti Ọyẹ́ wà nínú wọn. Òní kúrò lórí àga, olórí ilé aṣòfin sì di adelé.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 2009 ni wọ́n tún ìbò náà dì. Èsì jáde láti ibi gbogbo, àfi ti Ìdó-Òsì tí ó há bí eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun. Ìyá àgbàlagbà kan, Ayọ̀ká Adébáyọ̀, ni aṣojú àgbà fún INEC ní Èkìtì, ẹnu rẹ̀ sì ni ó yẹ kí èsì ti jáde. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kọ̀wé sí Ààrẹ Umaru Yar'Adua pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀rí ọkàn òun gẹ́gẹ́ bí Kristẹni kò gba ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe. A kò rí i mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ọlọ́pàá ń wá a.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni àwọn ìyá àgbà jáde sí ìgboro Adó-Èkìtì, tí àwọn kan nínú wọn sì ṣí aṣọ sílẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn kọ ọ́ bí ìwọ́de. Ó ju ìwọ́de lọ. Ní àwùjọ wa, obìnrin tí ó ti kọjá ọjọ́ ìbímọ tí ó bá ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba kì í bẹ̀bẹ̀. Ó ń rán ẹni tí ó wà nípò létí ibi tí ó gbà wá sáyé, ó sì ń fi ibẹ̀ gégùn-ún. Kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó lè gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wọlé, nítorí ìwé orúkọ olùdìbò àti ìwé èsì ni adájọ́ ń yẹ̀ wò. Síbẹ̀, bí a bá fi 2009 wé 1983, a ó rí i pé àwọn ará ìlú kò dáná sun ìlú bí ti ìṣáájú. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni ègún àwọn ìyá, àti sùúrù láti tún padà sí kóòtù. Lójú tiwa, ìgbàgbọ́ nínú ilé-ẹjọ́ kọ́ ni èyí fi hàn nìkan. Ó fi hàn pẹ̀lú pé wọ́n kò gbà pé ilé-ẹjọ́ nìkan tó.

Ìyá náà padà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, ó kéde èsì: Òní ní ìbò 111,140, ó sì fi díẹ̀ lé ní 4,000 ju Fáyẹmí lọ. Kò ṣòro láti dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dá a lẹ́bi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka lẹ́tà rẹ̀ mọ́ ìkéde rẹ̀, nítorí lẹ́tà náà ni ó kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ayé pé nǹkan wà nínú èsì Ìdó-Òsì tí ó yẹ kí a tú wò.

Ìdájọ́ Ìlọrin

Ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2010, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ pín sí méjì: adájọ́ mẹ́ta ní Òní ni ó wọlé, méjì ní Fáyẹmí ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2010 ni Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tí ààrẹ rẹ̀, Adájọ́ Ayọ̀ Sàlámì, ṣáájú, fagi lé èsì àwọn wọ́ọ̀dù kan. Ìbò Òní wálẹ̀ sí 95,176. Ti Fáyẹmí dúró sí 105,631. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n búra fún Fáyẹmí.

Ó ti lé ní ogójì oṣù láti ọjọ́ ìbúra àkọ́kọ́, nínú sáà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ oṣù méjìdínláàádọ́ta. Àbá ìṣúnná tí Òní buwọ́ lù àti ènìyàn tí ó yàn sípò, ìdájọ́ náà kò wó ọ̀kan lulẹ̀ nínú wọn. Àwọn méjèèjì tún wá jọ wà nínú ẹgbẹ́ APC lẹ́yìn náà, níbi tí Òní ti di igbákejì alága àpapọ̀. Adájọ́ Sàlámì ni kò rí ipò rẹ̀ padà: wọ́n dá a dúró ní oṣù kẹjọ 2011, kò sì padà sórí àga títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2013.

Àtúnṣe òfin ìlú ti fún ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ní ọjọ́ 180 báyìí, ó sì fún kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 60. Nínú ẹjọ́ kan láti Borno ní 2012, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní a kò lè fi ọjọ́ kan kún un. Gbèdéke tí wọ́n fagi lé ní 1983 ti padà dé, ó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní Èkìtì, ọdún mẹ́rin Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 2010, kì í ṣe láti oṣù karùn-ún 2007. Ìdí nìyí tí ìpínlẹ̀ náà kò fi bá ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ dìbò gómìnà lọ́jọ́ kan náà mọ́. Ó dì í ní oṣù kẹfà 2014, oṣù keje 2018 àti oṣù kẹfà 2022, oṣù kẹwàá ni wọ́n sì ń ṣe ìbúra.