Ẹsẹ̀ Ni Mo Fi Ka Ìtàn Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi kò rìn jìnnà kí n tó rí tèmi. Láti Apọ́ngbọ̀n dé Ìta Tinúbú ni gbogbo ìrìn tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, ibi tí mọ́tò lè gbé ènìyàn dé ní ìṣẹ́jú mélòó kan bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo yàn, nígbà tí ọjà kò tíì dí títì, tí ènìyàn lè gbójú sókè wo ilé láìjẹ́ pé alábàárù kọlù ú.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìyá mi. Ilé ọkọ ló gbé wọn dé Súúrùlérè, níbi tí wọ́n bí mi sí. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ lọ sí Èkó, wọn kì í dárúkọ nọ́ńbà ilé kankan fún mi. Wọn á ní, "Bó o bá sọ̀ ní Apọ́ngbọ̀n, kọjú sí Ìdúmọ̀tà. Tó o bá dé Ẹnu-Ọ̀wá, béèrè." Inú a máa bí mi. Mo ní, "Màmá, ṣé àwọn ibi tí ẹ̀ ń pè yìí ò ní àdírẹ́ẹ̀sì ni?" Wọ́n ní, "Orúkọ ibẹ̀ ni àdírẹ́ẹ̀sì ibẹ̀, jàre." Ìgbà tí wọ́n kú tán ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ wo Apọ́ngbọ̀n náà. Ojoojúmọ́ ni àwọn agbèrò ń pariwo rẹ̀, ẹni tó ń wọkọ̀ kò sì rò pé orúkọ ènìyàn ni. Òyìnbó kan ni, William McCoskry, oníṣòwò tó di adelé fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní 1861. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, ni àwọn ará Èkó bá sọ ọ́ ní Apọ́ngbọ̀n. Òun wà lára àwọn tó dúró ti Ọba Dòsùnmú lọ́rùn títí Ọba fi tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, tí Èkó fi di ti Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà lójú omi tẹ́lẹ̀. Kí ni Ọba yóò ṣe? Wọ́n ní àwọn yóò máa fún un ní 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ lọ́dún, ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀san aráàlú! Ẹni tó gba ìlú lọ́wọ́ wọn, wọn ò rántí oyè rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ni wọ́n mú. Yẹ̀yẹ́ yẹn kò tíì tán títí di òní.

Láti ibẹ̀ mo gba àárín Balógun bọ́ sí Títì Martins, níbi tí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà. Ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Mohammed Shitta, ọmọ Sàró tó ṣòwò tó sì lówó, ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Gómìnà Carter wá síbẹ̀. Abdullah Quilliam, lọ́yà òyìnbó tó di Mùsùlùmí ní Liverpool, wá pẹ̀lú, òun ló sì gbé oyè Bey wá fún Shitta láti ọ̀dọ̀ Sultan ilẹ̀ Tọ́kì. Ẹ tún wo ògiri rẹ̀ dáadáa: iṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà ni. João Baptista da Costa ló yàwòrán rẹ̀. Owó Sàró, ọwọ́ Àgùdà, oyè Tọ́kì, gbogbo rẹ̀ lórí ilẹ̀ Èkó.

Mo kọjá Ìdúmọ̀tà, lẹ́sẹ̀ Afárá Carter tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní 1901, mo wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ibí ni ojú ọ̀nà ti ń há, tí ilé ń fara ti ilé. Ìga Ìdúngànràn ni ààfin Ọba. Àwọn àgbà sọ pé oko ata Arómirẹ́ ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ohun tí orúkọ náà sì ń wí nìyẹn. Oko ata ti lọ tipẹ́tipẹ́, ata ṣì wà lórúkọ ààfin. Mo dé Ẹnu-Ọ̀wá. Lọ́jọ́ Èyọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà níbi tí Èyọ̀ ń gbà kọjá. Ọjọ́ yìí kì í ṣe ọjọ́ Èyọ̀, síbẹ̀ mo rọra ń tẹ ilẹ̀ ni.

Ilẹ̀ yìí ti jóná rí. Ní ìparí oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dojú ìjà kọ Ọba Kòsọ́kọ́. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ojú wọn sì wà lára òwò epo pẹ̀lú. Ogun Agídìngbì ni àwọn ará Èkó pè é, nítorí bí àgbá ṣe ń dún. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 28, iná ti jó ọ̀pọ̀ ilé, Kòsọ́kọ́ ti sá gba Ẹ̀pẹ́ lọ, Akítóyè sì padà sórí oyè.

Ṣé ẹ rò pé Kòsọ́kọ́ lọ rá nìyẹn? Rárá o. Ní 1862 ó padà sí Èkó. Oshòdì Tápà, olórí ogun rẹ̀, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá, wọ́n sì tẹ̀dó sí agbo ilé 21. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó! Àṣé gbólóhùn odidi kan ni ìyá mi ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń rán mi níṣẹ́ lọ síbẹ̀, èmi sì rò pé orúkọ lásán ni. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yìí kan náà ni MKO Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ Nàìjíríà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1994.

Iná ogun nìkan kọ́ ló ń pa ilé rẹ́. Ní 1955, LEDB tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti tún Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé tó wà lórí ilẹ̀ bí éékà 70 láàárín ìlú. Wọ́n ní ibẹ̀ há jù, ó sì dọ̀tí. Ọ̀pọ̀ ìdílé kó lọ sí Súúrùlérè. Ilé tuntun dára, omi ẹ̀rọ ń bẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pàtẹ lójúlé rẹ̀ l'Ékòó kò rí oníbàárà mọ́, ẹni tó sì ń na ọwọ́ kan ẹbí tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kí wọn.

Mo yà sí Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil àti Cuba padà wálé, mo sì gba Títì Kakawa. Ibẹ̀ ni Ilé Omi wà, tí João Esan da Rocha kọ́. Kànga rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n sọ ilé náà bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún aráàlú nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé.

Ẹsẹ̀ mi ti ń ro mí nígbà tí mo dé Ìta Tinúbú. Ẹfúnróyè Tinúbú ló ni orúkọ náà, obìnrin tó ta tábà, tó ta iyọ̀, tó sì ta ẹrú. A kì í tìtorí pé ènìyàn jẹ́ akọni ká fi ìyẹn pamọ́. Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, lé e kúrò l'Ékòó ní 1856. Ó lọ di Ìyálóde l'Ábẹ́òkúta, ó sì kú síbẹ̀ ní 1887. Lẹ́yìn òmìnira 1960, àwọn aláṣẹ sọ ìta náà ní Independence Square. Aráàlú kò dá wọn lóhùn. Tinúbú ni wọ́n ń pè é, Tinúbú náà ló sì padà jẹ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Ní ìta yìí ni Ilojo Bar wà, ilé Àgùdà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855. Ìdílé Ìjẹ̀ṣà kan rà á ní 1933, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Ní 1956 ìjọba fi í sára àwọn ilé tí òfin dáàbò bò. Ìyá mi máa ń ní, "Ìwọ tó o ní o ń kọ̀wé, wọlé lọ wo inú ilé yẹn." Àìmọye ìgbà ni mo gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Mo ní ó di ọ̀la. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ni wọ́n wó o palẹ̀.

Mo bi ọmọdékùnrin kan tó ń ta píọ wọ́tà pé, "Níbo ni Ilojo Bar?" Kò ní ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Kò tilẹ̀ ronú, ó nawọ́: "Ibẹ̀ yẹn ni, bàbá. Wọ́n ti wó o."

Inú mi dùn, ó sì bàjẹ́. Orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu ọmọ tí kò lè rántí ilé náà. Ìyá mi kò purọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kò ní ilẹ̀kùn tí ènìyàn lè ṣí wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ sọ̀ nínú mọ́tò. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí orúkọ rẹ̀ kò yé yín, ẹ béèrè. Tẹ́ ẹ bá sì rí ilé àtijọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ kágò, kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ má ṣe sọ pé ó di ọ̀la.