Ilẹ̀ Mọ́, Ojú Mọ́

“Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, ó dÍfá fún ‘Ìwọ ta nìyẹn?’” Bí ilẹ̀ bá ṣú biribiri, ọmọ lè ko bàbá rẹ̀ lọ́nà kó sì pè é ní “ìwọ”. Ojú tí kò rí ẹni tó ń bọ̀, báwo ni ẹnu yóò ṣe mọ̀ pé “ẹ̀yin” ló tọ́ sí i?

Ẹ wá tú ìmọ́lẹ̀ wò. Mọ́ àti ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí oòrùn. Ohun tó ń jó kọ́ ni àwọn baba wa wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, bí kò ṣe ilẹ̀ tó hàn kedere níwájú ẹni. Mọ́ yìí kan náà la fi ń sọ pé aṣọ mọ́, òun náà ló wà nínú ìmọ́tótó. Bó bá wá jẹ́ ojú ló mọ́, ó di ojúmọ́. Inú ojúmọ́ la ti rí ojoojúmọ́, bí a ti rí oṣooṣù nínú oṣù. Àwọn kan fẹ́ kó jẹ́ mọ̀ ti ìmọ̀ ni. Rárá o! Ohùn ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, bó ti wù kí àlàyé náà dùn tó.

Ọ̀nà jíjìn ni fìtílà rìn. Ọwọ́ Haúsá la ti gbà á, àwọn náà gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá, níbi tí fatila ti jẹ́ òwú tí a lọ́. Ẹni tó bá rí ìyá àgbà tó ń lọ́ òwú lórí itan, tó rẹ ẹ́ sínú epo nínú àwo amọ̀, tó wá fa ṣóńṣó rẹ̀ yọ sétí àwo kí iná lè mú un, á mọ ìdí tí òwú fi lórúkọ ju àwo lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di odindi àtùpà, la bá tún ń pe èyí tó ń jó ní òwú fìtílà: òwú òwú!

Àbẹ́là gba etí òkun wọlé: vela ni lẹ́nu àwọn Potogí, láti inú ọ̀rọ̀ wọn fún àìsùn.

Iná mànàmáná ní tirẹ̀, a kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń kọ lójú sánmà kí ààrá tó sán la wò, orúkọ náà sì bá a mu gẹ́lẹ́: ní 1752, àyẹ̀wò tí Benjamin Franklin dábàá, tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé, fi hàn pé agbára ẹ̀lẹ́tíríìkì ni mànàmáná.