Awò Ojú àti Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn: Bí Méjèèjì Ṣe Pàdé Lẹ́yìn Etí Kan

Ọ̀rọ̀ ojú àti etí la mú wá lónìí.

Ìyá míì wà tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, awò ojú ló sì fi ń ka owó. Bó bá ti gbé méjèèjì sẹ́yìn etí, kò ní pẹ́ tí ibẹ̀ á fi máa ta á. Kí ló máa ṣe? Á yọ ẹ̀rọ, á sọ ọ́ sínú àpò owó. Ó ń rí owó oníbàárà, àmọ́ kò gbọ́ iye tó ní òun fẹ́ san, kò sì gbọ́ alùpùpù tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe torí ojú pa etí tì. Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan méjèèjì ṣe dé ẹ̀yìn etí, ká lè mọ bí a ó ṣe parí ìjà wọn.

Awò ojú ló kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 1306, oníwàásù kan, Giordano da Pisa, sọ fún àwọn ará ìlú Florence, ní ilẹ̀ Ítálì, pé kò tíì pé ogún ọdún tí wọ́n mọ iṣẹ́ awò ojú. Awò ìgbà náà kò ní apá. Orí imú ni wọ́n ń gbé e lé, tàbí kí wọ́n fọwọ́ dì í mú. Ó lé ní irínwó ọdún kó tó ní apá: ní nǹkan bí ọdún 1730, Edward Scarlett, ẹni tó ń ṣe awò ní London, ń ta èyí tí apá rẹ̀ di ẹ̀gbẹ́ orí mú. Nígbà tó yá, wọ́n tẹ orí apá náà kó lè kọ́ etí. Bí awò ṣe gba ẹ̀yìn etí nìyẹn.

Etí ní tirẹ̀ kò tètè rí olùrànlọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń gbè é lẹ́yìn, bí àwọn àgbà wa ṣe ń ṣe títí dòní. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lo ìwo: ẹnu tóóró á wọ etí, ẹnu gbòòrò á kọjú sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1898, Miller Reese Hutchison, ará Alabama ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná gbé ohùn sókè. Orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e lé! Àwọn tó tẹ̀ lé e fúyẹ́ jù ú lọ, síbẹ̀ okùn ń ti etí wá sí àyà, àwọn obìnrin míì sì ń so òkúta rẹ̀ mọ́ itan lábẹ́ aṣọ.

Ọdún 1947 ni ọ̀nà là. Àwọn onímọ̀ ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ṣe nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní transistor. Ẹ rántí rédíò kékeré tí àwọn bàbá wa ń gbé lọ sóko? Nǹkan yìí ló mú kó kéré bẹ́ẹ̀. Kí ọdún 1953 tó parí, ó ti wọ inú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ní nǹkan bí ọdún 1955, ilé iṣẹ́ Otarion ní Amẹ́ríkà ti ki ẹ̀rọ náà sínú apá awò ojú. Ojú àti etí di ọ̀kan.

Ó gbayì fúngbà díẹ̀, torí ẹni tó rí ọ kò ní mọ̀ pé o wọ ẹ̀rọ. Àmọ́ wàhálà wà nínú rẹ̀. Tí o bá yọ awò láti bọ́jú, etí dí. Tí apá awò bá kán, ojú àti etí jọ lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe ni. Díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn padà sí ẹ̀rọ tó ń dá dúró lẹ́yìn etí. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò lónìí. Ayálégbé méjì wá wà nínú yàrá kan.

Ẹni méjì tó ń gbé yàrá kan, ètò ni wọ́n fi ń gbé e. Ètò náà rèé:

Ẹ kọ́kọ́ wọ awò ojú, kí ẹ tó wọ ẹ̀rọ. Apá awò ni kó sún mọ́ orí. Kí ẹ̀rọ wà láàárín apá yẹn àti etí.

Tí ẹ bá fẹ́ yọ awò, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á síwájú tààrà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan fà á láti ẹ̀gbẹ́, á gbá ẹ̀rọ dànù. Ẹ̀rọ tó bá sì já sínú gààrí lọ́jà, àfi kéèyàn máa wá a.

Tí ẹ bá fẹ́ ra awò, títí kan awò dúdú tí a fi ń sá fún oòrùn, ẹ wọ ẹ̀rọ yín lọ. Ẹ mú èyí tí apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì ní kí aláwò tẹ̀ ẹ́ bá etí yín mu kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má wé gèlè kó fún mọ́ ẹ̀rọ. Á máa tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà á sì máa súfèé.

Tí ẹ̀yìn etí bá pọ́n tàbí tó dégbò, ẹ má fara dà á. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún yín ní ẹ̀rọ, kó tún un ṣe. Irú èyí tó ń wọ inú ihò etí náà wà, kì í bá awò du àyè.

Ẹ yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò nínú àpò owó o, ẹ̀yin ìyá. Ojú yín á ríran, etí yín á gbọ́ràn. Ó dìgbà kan ná.