Ojú Àlejò: Ìtàn Àwọn Arìnrìn-àjò Inú Ìwé

Ní Kpogan, létí òkun, ní apá ìlà-oòrùn Lomé ní Togo, níbi tí èrò Aného àti Kútọnu ti ń kọjá ní àlọ àti àbọ̀, kò sí ọmọdé tí kò mọ ohun tí à ń pè ní àlejò. Àwọn àgbà Yorùbá sì ti wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òtítọ́ ni òwe náà; ṣùgbọ́n àwọn ọ̀jáfáfá nínú ìwé kíkọ mọ̀ pé ohun tí ó ti mọ́ onílé lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí i mọ́, ojú àlejò ni í kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe dá arìnrìn-àjò inú ìtàn, tí wọ́n sì rán an lọ sí ìlú òkèèrè kí ó lè bá wọn bá ìlú tiwọn wí.

Ní ọdún 1721, Montesquieu, ọmọ Faransé, mú ará Páṣíà méjì, Usbek àti Rica, wọ Paris nínú ìwé rẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì ń kọ lẹ́tà sílé nípa ìwà tí wọ́n bá níbẹ̀. Ní 1726, Jonathan Swift, àlùfáà ọmọ Ireland, gbé Gulliver dé Lilliput, ìlú àwọn ènìyàn tí wọn kò ga ju ínǹṣì mẹ́fà lọ. Ẹni tí ó bá ń wá ipò níbẹ̀, orí okùn tín-ínrín ni yóò ti jó níwájú ọba, ẹni tí ó bá sì fò ga jù lọ láìṣubú ni ipò já mọ́ lọ́wọ́. Ìjà ẹ̀sìn sì wà láàrin wọn lórí ibi tí ó yẹ kí a ti fọ́ ẹyin, ìdí rẹ̀ ni tàbí orí rẹ̀, títí 11,000 ènìyàn fi yan ikú dípò kí wọ́n fọ́ ọ láti orí. Swift kò dárúkọ ìjòyè London kankan níbẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, níbi tí Àkàrà-ògùn ti wá bá òǹkọ̀wé, tí ó ní kí ó mú gègé àti ìwé, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Ní 1954, nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, àwọn ọdẹ rẹ̀ dé Èdìdàrẹ́, ìlú àwọn òmùgọ̀, níbi tí Òmùgọ̀diméjì ti ń jọba. Orúkọ ìlú náà sì di òwe lẹ́nu wa, tí ó fi jẹ́ pé títí di òní, ibi tí nǹkan bá ti dojú rú ni à ń pè ní Èdìdàrẹ́.

Ó ti pẹ́ tí òyìnbó ti ń rin ilẹ̀ wa tí ó sì ń kọ ohun tí ó rí. Ṣùgbọ́n ní 1959 ni Bernard Dadié, ọmọ Côte d'Ivoire, rán Tanhoé Bertin lọ sí Paris nínú ìwé tirẹ̀, kí ọmọ adúláwọ̀ náà lè wo ìwà àti ìṣe òyìnbó bí òyìnbó ti ń wo tiwa. Ní 1981, Tété-Michel Kpomassie, ọmọ Togo yìí, tẹ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ sí Greenland jáde, èyí tí kì í ṣe àròsọ, nítorí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn ín.

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ka àwọn ìwé wọ̀nyí fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín Òmùgọ̀diméjì tán má ṣàìyíjú wo ìlú tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni Fágúnwà ń tọ́ka sí.